Ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í parọ́, àmọ́ ṣé ó ṣojú rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ ní gbogbo ohun tó bá ti wọ fóònù ìyá yín ni wọ́n ń tari sí gúrúpù ẹbí, àti pé bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kì í parọ́." Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n dáhùn. Èmi náà sọ ọ́ rí, agbọ̀n tòmátì méjìlá ló sì bá a lọ.

Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mò ń gbé, ata àti tòmátì ni mò ń tà. Kí Nàìjíríà tó ti bodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọ̀nà Ìlárá, létí bodè, ni ọjà mi ń gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n tì í, kò sí ọjọ́ tí a kì í béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i. Ní àárín ọdún 2020, lásìkò tí tòmátì pọ̀ bí iyanrìn, ohùn kan wọ WhatsApp mi. Ọkùnrin ni, èdè Kétu ló ń sọ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé, wọ́n ti ṣí bodè o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ẹ gbé ẹrù yín jáde." Àbúrò ọkọ mi ló fi í ránṣẹ́, ọmọ tí kì í gbé irọ́ kiri. Mo rí ọfà méjì lórí rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ti ti ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá. Lójú mi, òǹtẹ̀ ni ọfà yẹn. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn náà tán tí mo fi tari rẹ̀ sí gúrúpù àwa alátòmátì. Mo kó owó àjọ, mo ra agbọ̀n méjìlá, mo háyà ọkọ̀.

Bodè ṣì wà ní títì. Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró lábẹ́ oòrùn tí à ń bẹ̀bẹ̀. Omi tòmátì ń kán tó, tó, tó sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, eṣinṣin bò ó. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe tèmi. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó pọn ọmọ ọwọ́, agbọ̀n márùn-ún lòun kó wá, gbogbo òwò rẹ̀ nìyẹn. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìyá, torí pé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́ ni mo ṣe gbà." Mi ò rí èsì fún un.

Bí mo ṣe délé, mo ní àfi kí n rí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ gbà á lọ́wọ́ onízẹ́míjàn kan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ìyẹn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Kò sì sí ẹni tó dé bodè. Ẹnì karùn-ún tí mo pè ló ní, "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ọ tán?" Mo gbé e sétí. Lẹ́yìn ariwo ọkọ̀, ọkùnrin náà ní kí Ọlọ́run bá àwọn ará Nàìjíríà yan ààrẹ rere, pé ìdìbò ti parí lánàá.

Ìdìbò! Ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n dìbò ààrẹ níbẹ̀, wọ́n sì ti bodè láti ọ̀sán ọjọ́ 22 di ọ̀sán ọjọ́ 24. Òótọ́ lọkùnrin yẹn sọ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ni, ó ṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tari lórí WhatsApp kì í gbé ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ dání, aago ìgbà tó wọlé sí fóònù wa là ń rí. Òótọ́ ọdún tó kọjá ló sọ wá di ẹdun arinlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bá ìyá yín jiyàn pé òpùrọ́ lẹni tó fi ránṣẹ́. Wọn ò ní gbà, wọ́n sì jàre, wọ́n mọ ẹni náà. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé, "Ìyá mi, ṣé ó ṣojú ẹni náà? Ọjọ́ wo ni?" Ẹ má sì béèrè é nínú gúrúpù lójú àwọn ọmọ ọmọ o. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ gbọ́ ọ tán. Tó bá jẹ́ àwòrán, ẹ fi Google Lens, tó ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí, wò ó, ẹ lè rí i pé ó ti wà níta láti ọjọ́ pípẹ́. Ọfà méjì yẹn, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn dáadáa: ó ti kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀marùn-ún ó kéré tán. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni WhatsApp kò ti jẹ́ ká tari irú rẹ̀ ju ibì kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ti rí i báyìí, ẹni tó wà níbẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Ká ní mo pe Ìlárá lọ́jọ́ yẹn, owó ìpè náà kò ní tó ti tòmátì ẹ̀kún ọwọ́ kan.

Mo lọ bẹ ọmọbìnrin yẹn nílé, mo sì fi àjọ tó kàn ràn án lọ́wọ́. Títí dòní, bí mo bá fi nǹkan sí gúrúpù, òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn: "Ìyá, ṣé ó ṣojú yín?" Bí kò bá ṣojú mi, màá sọ bẹ́ẹ̀, màá sì pa á rẹ́.