Ta ló bẹ́gi dínà egbèje?

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kò gùn: "Kí ni ìtumọ̀ òwe tó ní 'Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje'? Mo gbọ́ lórí rédíò pé láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, olówó a gé igi dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò sì ní jáde títí yóò fi san ẹgbẹ̀rún méje."

Ẹ gbà mí! Ẹni tó ṣàlàyé yìí kò mọ iye owó tí òwe ń kà, kò mọ ẹni tó gé igi, kò sì mọ ọ̀nà tí igi dí. Ó dùn mí wọra, nítorí nínú gbogbo ohun tí àwọn baba wa sọ nípa owó, n kò rí èyí tó jinlẹ̀ tó ọ̀rọ̀ méjìlá yìí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń ní ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé gbèsè kò dára. Irọ́ ni. Òwe náà kò bá ẹni tó yá owó wí rárá. Ẹni tí kò san án ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún owó kà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ní èdè Yorùbá ni ẹgbàáta. Ẹgbẹ̀rún méje ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin. Ẹgbẹ̀fà jẹ́ igba lọ́nà mẹ́fà, 1,200. Egbèje jẹ́ igba lọ́nà méje, 1,400. Bí ẹnì kan bá sì pè é ní ẹgbàafà, 12,000 ló pè yẹn, ó ti ba òwe náà jẹ́, torí pé ẹgbẹ̀fà àti egbèje gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn gbọ́n-ín gbọ́n-ín kí ọ̀rọ̀ tó lè yé ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igba ni wọ́n fi ń ka owó? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọn a da àpò owó sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tì í tàbí kó jókòó, á máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún, á máa kà á sínú: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún. Ogún ìfà, ẹyọ márùn-ún nínú ìfà kọ̀ọ̀kan: ọgọ́rùn-ún pé. Á tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, á gbá méjèèjì pọ̀, òkìtì kan dé nìyẹn. Òkìtì yẹn ni igba. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó gbé Ìjàyè, kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1887. Bí wọ́n bá sì sin owó náà sókùn, ogójì ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan, okùn márùn-ún ni igba. Ọgbọ̀n okùn ni ẹgbẹ̀fà, okùn márùndínlógójì ni egbèje. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́.

Nítorí náà, láti ẹgbẹ̀fà dé egbèje, òkìtì kan ṣoṣo ni. Ibi tí òwe fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ sí nìyí, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ojú fo ó. Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi ọrọ̀ ńlá tí onígbèsè pàdánù bà wá lẹ́rù ni, ì bá ní "ó bẹ́gi dínà ọ̀kẹ́." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n ṣe ń to owó ní òkìtì kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń to ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tó yá òkìtì mẹ́fà tó sì dá a padà lọ́jọ́ tó dá ti di ẹni òkìtì méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi aṣọ dógò, kò sì fi ilẹ̀ dúró. Ìwà rẹ̀ ló fi dúró. Lẹ́yìn 1845, nígbà tí àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ ńláńlá ti Zanzibar wọ etíkun wa, iye tí owó ẹyọ lè rà já wálẹ̀ gan-an, síbẹ̀ òwe náà kò já, torí pé ìgbésẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tí owó ń rà.

Ó wá kan igi. Ta ló bẹ́ ẹ? Ẹ ka òwe náà sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa: "ẹni tó yá… ó bẹ́gi." Onígbèsè ló ni "ó" yẹn. Olówó kò fọwọ́ kan àáké. Èmi kò mọ bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré ṣe lè gbé "ó" yẹn fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tó sì dí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, irú èyí tí èrò ọjà ń tọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, ẹrù lórí. Bí igi bá wà ní ìbú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, aláàárù kò lè fò ó tòun tẹrù. Á sọ̀ ọ́, á yà wọ igbó, á máa wá ibi tó lè gbà. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo ìlú ló ń jáde láti yẹ̀nà. Ìdí nìyẹn tí òwe kò fi ní "ó bẹ́gi dínà ara rẹ̀." Ọ̀nà egbèje ló dí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò bá igi náà níbẹ̀: àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ yá owó oko, ará àdúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Olówó tí wọ́n ti jẹ lówó run á ní, "Owó ò sí," kódà fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń fẹ òwe jù, kó lọ wo èésú. Ẹ mú ènìyàn 12, ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá kó ní ọ̀sẹ̀ kìíní gba ₦60,000 lẹ́yìn tó ti dá ₦5,000 péré. Gbèsè ₦55,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ẹni kẹfà ti dá ₦30,000 kó tó kó, nítorí náà ₦30,000 ló jẹ. Ẹni kejìlá kò jẹ nǹkan kan; òun ló ń yá gbogbo àwọn yòókù lówó láti ọjọ́ kìíní. Ipò tí ènìyàn ti ń kó ni iye ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀. Olórí èésú tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí àlejò kó kí ó tó di ìparí. Ẹni tuntun á kó kọkànlá tàbí kejìlá. Bí kò bá pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ, ní àyípo kejì wọ́n lè gbé e wá sí ipò kẹjọ. Lẹ́yìn àyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bó bá bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ kó ṣáájú nítorí owó ilé ìwé ọmọ, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn. Ẹgbẹ̀fà, egbèje, ẹgbẹ̀jọ: àkàsọ̀ kan náà ni.

Ibi tí èésú ti ń dàrú kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí olórí èésú ṣàánú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó fún un ní ipò kejì. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni náà kó ₦60,000 ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì sá. Ó ti dá ₦10,000. ₦50,000 ló gbé lọ. Kì í ṣe ẹnì kan ló jẹ ẹ̀gbin yìí. Gbogbo ẹni tó bá kó láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkejìlá ni yóò máa gba ₦55,000, ènìyàn mẹ́wàá, àfi bí olórí èésú bá fi owó ara rẹ̀ dí i. Igi kan, ẹni mẹ́wàá ló kọsẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò gbé ọwọ́ kan dáadáa máa dá ọwọ́ méjì, kó sì kó méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, èésú tó bá lérò púpọ̀ ni wọ́n ń pín sí ojúnà ojúnà, olórí ojúnà kọ̀ọ̀kan ló sì ń dáhùn fún àwọn tó bá mú wá. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ojúnà. Èésú yìí náà ni wọ́n gbé kọjá òkun tó di susu ní Trinidad àti asue ní Bahamas.

Ìwọ̀fà ń kọ́? Láyé àtijọ́, ìyẹn ni ọ̀nà ẹni tí kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé tó: á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ẹ yé é pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó dúró fún èlé. Owó gan-an kò dín kọ́bọ̀ títí wọn yóò fi san án lẹ́ẹ̀kan. Àgbàlagbà tó ṣe ìwọ̀fà lè máa sun ilé ara rẹ̀, kó sì máa ro oko tirẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ olówó. Ìkà wà níbẹ̀ náà, torí ọmọ tí wọ́n fi yáwó lè dàgbà sínú gbèsè tí kò jẹ. Sogúndogójì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá sì dí tán ló kan òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń tà láwìn, tó lóṣòó síwájú ilé onígbèsè tó ní òṣó lòun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun.

Àwọn kan máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé Òyìnbó ló kọ́kọ́ ronú nípa owó. Adam Smith tí wọ́n ń pè ní baba ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, ẹ̀kọ́ ìwà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow láti 1752 dé 1764; ìwé rẹ̀ lórí ìwà jáde ní 1759, ti ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kò jáde títí di 1776. Nínú ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn, ó ní oníṣòwò tó ń bá ènìyàn dá àdéhùn ogún lójúmọ́ kò lè jèrè rẹ́njẹ tó ohun tí yóò pàdánù bí wọ́n bá kàn fura pé onírẹ́njẹ ni. Ó ní àwọn ará Holland ló ń mú àdéhùn ṣẹ jù nítorí pé àwọn ló ń ṣòwò jù, pé àwọn ikọ̀ ọba kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sòótọ́ torí pé wọn kì í pàdé léraléra. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n òfò tó dé bá arẹ́nijẹ nìkan ni Smith kà níbẹ̀. Òwe wa ka ti èrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ ọn, ìyẹn ni mo fi gbé tiwa lékè.

Lónìí, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ń lo ẹgbẹ̀fà àti egbèje láìmọ orúkọ wọn: san ₦10,000 lásìkò, wọn a fún ọ ní ₦15,000. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ baba rẹ, wọn kò gba onígbọ̀wọ́, nítorí náà ìgbà tí ọjọ́ bá yẹ̀, ìtìjú ni àwọn kan lára wọn ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ. Onígbọ̀wọ́ láyé àtijọ́ kì í ṣe ẹni tó kàn fọwọ́ sí ìwé. Òun ló mọ̀ ọ́, òun ló mú ọ wá, òun ni yóò sì bá ọ lọ bẹ olówó bí nǹkan bá yí padà. A ti pa ìyẹn tì, a wá ń ṣe kàyéfì pé ará ilé kò yá ara wọn lówó mọ́.

Ẹ lè tún béèrè bóyá igi náà ṣe é gbé kúrò. Ó ṣe é gbé. Kí ọjọ́ tó pé ni kẹ́ ẹ ti lọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá kọjá. Ẹ mú onígbọ̀wọ́ yín dání, kẹ́ ẹ mú díẹ̀ nínú owó náà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ tuntun tó jìnnà díẹ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ lè bá. Ẹ má pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Bẹ́ ẹ bá sì san án tán, ẹ má béèrè egbèje lọ́jọ́ yẹn. Ẹ padà sí irinwó, òkìtì méjì, ẹ san án. Ẹ yá ẹgbẹ̀rin, ẹ san ìyẹn náà.

Ní ti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pa òwe náà: ẹ má fi bú onígbèsè lójú ọjà, kò wúlò fún un mọ́ nígbà náà. Ìgbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ wá yá owó kékeré ni kẹ́ ẹ pa á fún un, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó lé e lọ́wọ́.