Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín, pé ẹ fẹ́ lọ ra láptọ́ọ̀pù àlòkù fún ọmọ yín níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọjà kọ̀ǹpútà, pé ṣé àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ni àbí ìgbà tí wọ́n bá ti ń palẹ̀ mọ́ tí owó á ti wálẹ̀. Ọjà ọ̀pọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí.

Èyí tí mo rà ń dán, kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ò pa rárá, ó tàn níwájú mi, mo ṣí fídíò, mo gbọ́ ohùn, gbogbo ẹ̀ ń lọ geerege. Mo ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ tí mo ní kí n nu gbogbo inú ẹ̀ kí n tún Windows tò látìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí wáìfáì báyìí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí mi ò gbọ́ rí ló yọ sójú gàdàgbà, ó ní kí n tẹ ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ bawo? Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó pera ẹ̀ ní ògbóǹtarìgì, ó gbowó, ó gbé Windows tuntun sí i, ibì kan náà ló padà sí, ó ní ká pààrọ̀ dísìkì, a pààrọ̀ ẹ̀, pàbó. Ká ní ó mọṣẹ́ ni, ì bá ti sọ fún mi pé nǹkan ọ̀hún ò sí nínú dísìkì rárá. Autopilot ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó tà á, torí náà ìgbàkígbà téèyàn bá tún un tò tó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, olówó ẹ̀ àkọ́kọ́ lá máa béèrè.

Mo pe ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn ń bi mí bí ẹni ń fọ̀rọ̀ wá olè lẹ́nu wò, níbo ni mo ti rí i, ta ló gbé e fún mi, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ó ní kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè yọ ọ́ kúrò níbi tó jókòó sí! Mo tọ àwọn tó ṣètò ọjà lọ, wọ́n ní tábìlì làwọn ń yá èèyàn, ohun tó bá wà lórí tábìlì ò kan àwọn. Wọ́n sì gbowó ìwọlé lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà o. Nígbà tí mo wá rí ontàjà ọ̀hún, ó yẹ rìsíìtì wò, ó ní "láptọ́ọ̀pù kan" lòun kọ síbẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá tòun nìyí. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí ìwé náà lóòótọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà, ẹ ní kí ontàjà nu ẹ̀rọ náà títí á fi dé ibi tó ti máa ní kẹ́ ẹ yan wáìfáì, ẹ wá fi fóònù yín tan hotspot fún un. Tí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan bá yọ, ẹ gbé e sílẹ̀, kódà kó já owó ẹ̀ sí ìdajì. MacBook náà nírú ẹ̀, "Remote Management" ló máa kọ, tàbí kó ní kẹ́ ẹ mú páswọ́ọ̀dù Apple ẹni tó ni ín wá. Ẹ jẹ́ kí ontàjà kọ serial number, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà tó wà nídìí ẹ̀, sórí rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Ẹ wọ inú BIOS náà, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, tó bá ń béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ẹ má gba ti ẹni tó bá ní ká yọ bátìrì kékeré inú ẹ̀, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí ò ní torí ìyẹn gbàgbé páswọ́ọ̀dù.

Ní ti bátìrì, ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ fi Full Charge Capacity, ìwọ̀n iná tó lè gbà báyìí, wé Design Capacity, ìwọ̀n tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Tó bá jẹ́ Intel ni prósẹ́sọ̀ ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì, i5-8250U dáa, i5-7200U ò dáa, torí Windows 11 ò gba irú ìyẹn, Windows 10 sì ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú láti October 14, 2025. Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n, ṣájà, ojú ẹ̀, gbogbo ihò ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan fíláàṣì 2TB olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Irọ́ ni wọ́n kọ́ ọ pé kó máa pa fún kọ̀ǹpútà nípa bí àyè inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á máa gba fáìlì lọ bí ẹni pé àyè wà, èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i á sì máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw ló máa ń tú u fó, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó parí, ẹ ò lè ṣe é lórí ìdúró.

Ní ti aago tẹ́ ẹ béèrè, àárọ̀ ni fún láptọ́ọ̀pù, torí nínù yẹn ń gba àkókò, ontàjà tó ń di ẹrù ò sì ní dá yín lóhùn. Wáyà, máòsì àti kíbọ́ọ̀dù lẹ lè fi di ìrọ̀lẹ́, wọn kì í fẹ́ kó wọn padà sílé, wọ́n á gba ohun tẹ́ ẹ bá yọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí láptọ́ọ̀pù tó wù yín, ẹ tẹ mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ̀ síbí kẹ́ ẹ tó sanwó, mo máa bá yín wò ó.