Sikọ́láṣíìpù PhD ní ìlú Ọba: ẹ má pín ìdílé sí méjì lórí fọ́ọ̀mù

Ẹ kú oríire, mà. Sikọ́láṣíìpù PhD ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ tó san owó ilé-ìwé, tó tún fúnni lówó oúnjẹ, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ méjèèjì dání ní oṣù kẹsàn-án, kí bàbá wọn dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí bàbá buwọ́ lù yóò tó láti fi gba físà àwọn ọmọ. Kò ní í tó. Ibẹ̀ gan-an ni iná ti jó ọ̀pọ̀ èèyàn, èmi náà sì wà lára wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ n rojọ́ ẹ̀ dáadáa.

Òfin wọn ni pé kí ọmọ tó lè tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ, àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti wà ní ìlú Ọba pẹ̀lú físà tí kì í ṣe ti àlejò, tàbí kí wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù ní àsìkò kan náà pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta péré ló wà: kí òbí kejì ti kú, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá ẹrù ọmọ náà gbé, tàbí kí ìdí kan wà tó wúwo gidi. "Ẹ̀yin nìkan" yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ ń san owó ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó ń pinnu ibi tí ọmọ yóò máa gbé, ilé-ìwé tí yóò lọ àti ìtọ́jú tí yóò gbà nígbà àìsàn. Bí bàbá bá ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ, tí nọ́ḿbà rẹ̀ wà nínú ìwé ilé-ìwé, ẹ̀yin kọ́ lẹ nìkan gbé ẹrù náà mọ́, àfi kí ẹ parọ́.

Ẹ wá wo lẹ́tà ìyọ̀ǹda yẹn. Ejẹ́ǹtì á ní kí ẹ lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n lẹ èdìdì pupa mọ́ ọn, kí ẹ so fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bàbá mọ́ ọn. Ìwé tó dára báyìí ló máa ń jẹ́rìí ta ko ẹni tó kọ ọ́! Ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ físà pé bàbá wà láàyè, pé ó lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ọmọ, pé kò sì ní í tẹ̀lé wọn lọ. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òfin fi ń sọ pé rárá nìyẹn. Wọ́n á fún ìyá ní físà, wọ́n á kọ ti ọmọ. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù á padà, ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì ń dúró de ìyá. Bí èèyàn bá sì pe àwọn tó ń dáhùn fóònù níbẹ̀ láti béèrè, ó lè ná an lówó fóònù, ohun tó wà lójú ìwé ìjọba ni wọ́n á sì kà sí i létí. Ẹ fowó yẹn ra búrẹ́dì.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ fọ́ọ̀mù pọ̀, tàbí kí ẹ̀yin nìkan lọ ṣáájú, kí bàbá àti àwọn ọmọ wá jọ kọ tiwọn lẹ́yìn. Ní tèmi, bí iṣẹ́ bàbá ò bá ṣeé fi sílẹ̀ báyìí, èkejì ló dára jù. Ẹ má gba físà fún un pẹ̀lú yín kí ó wá jókòó sí Bódìjà o, torí ohun tí ẹ sọ nínú fọ́ọ̀mù ni pé ẹ jọ máa gbé níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ títí ẹ ó fi parí. Físà ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń fún ẹni tó gba PhD lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò gba ọkọ tàbí ọmọ tuntun wọlé, àfi ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn tó ti wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ yín tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè bá yín kọjá sórí ẹ̀.

Ó kan owó. Níbi tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀lé yín gbọ́dọ̀ fi £680 lóṣù hàn fún oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn £6,120. Ẹni mẹ́ta jẹ́ £18,360. Ní Lọ́ńdọ̀nù, £845 ni. Lẹ́tà sikọ́láṣíìpù lè bo owó oúnjẹ tiyín, ṣùgbọ́n bí kò bá dárúkọ ọkọ àti ọmọ, kò bo tiwọn. Ẹ bẹ yunifásítì kí wọ́n kọ iye owó àti ìgbà tí yóò fi máa wọlé sínú lẹ́tà náà. Èyí tó kàn ń kí yín kú oríire kò ṣiṣẹ́.

Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Bó bá fi náírà kan péré dín sí iye tí wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọjọ́ tí ọjọ́ 28 náà parí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù. Ohun tí àwọn báǹkì wa máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ owó àlááàtì, owó káàdì àti owó sítáǹpù láìsọ fún èèyàn. Ẹni tó fi iye tí wọ́n ní kó fi hàn gan-an sílẹ̀ láìlé ti jìn sí kòtò nìyẹn. Bó bá tún jẹ́ náírà, iye tí OANDA, ojú-ìwé tó ń sọ iye pàṣípààrọ̀ owó, bá sọ lọ́jọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn. Ẹ rántí ohun tójú náírà rí láti oṣù kẹfà 2023. Owó tó tó ní ọjọ́ kìíní lè má tó mọ́ ní ọjọ́ 28, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tí ì fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá lè fi í sínú àkáǹtì pọ́n-ùn tàbí dọ́là, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìdámárùn-ún lé e. Orúkọ yín tàbí ti bàbá ni kó wà lára àkáǹtì náà, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti kọ́ńpìnnì.

Ẹ sá fún àwọn tó ń yáni lówó àfihàn o. Wọ́n á da mílíọ̀nù sínú àkáǹtì yín, wọ́n á gba èlé, wọ́n á sì mú káàdì yín dání. Àwọn kan tilẹ̀ ń tẹ sítétímẹ́ǹtì ayédèrú. Òṣìṣẹ́ físà máa ń kọ̀wé sí báǹkì láti béèrè. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi tilẹ̀kùn mọ́ yín, sikọ́láṣíìpù á sì bá a lọ.

Owó ìlera: £776 lọ́dún fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Físà ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ máa ń fi oṣù kan kún un níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn, ìyẹn ọdún mẹ́ta àti oṣù mọ́kànlá. Wọ́n á kà á sí mẹ́rin, ó di £3,104 lórí kálukú, £12,416 fún ẹ̀yin mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó bá dé lẹ́yìn ọdún kan á san ti ọdún mẹ́ta. Físà fúnra rẹ̀ di £524 fún ẹnì kan ní oṣù kẹrin 2025. Ẹ yẹ ojú ìwé ìjọba wò kí ẹ tó san án. Sikọ́láṣíìpù púpọ̀ kì í san èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ìdílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ gba MSc, ẹ má fi ti mà yìí ṣe àwòkọ́ṣe. Láti oṣù kìíní 2024, ẹ̀kọ́ ìwádìí bíi PhD, tàbí sikọ́láṣíìpù ìjọba fún ẹ̀kọ́ tó ju oṣù mẹ́fà lọ, ló lè kó ìdílé. Sikọ́láṣíìpù tí yunifásítì fúnra rẹ̀ fún yín láti ka MSc inú kíláàsì kò sí lára wọn, kódà bó san gbogbo owó. Sikọ́láṣíìpù Chevening jẹ́ ti ìjọba ìlú Ọba, ṣùgbọ́n kì í san kọ́bọ̀ fún ìdílé, ẹ ó sì padà sílé fún ọdún méjì. Ẹni tí ìjọba tàbí àjọ ńlá ilẹ̀ òkèèrè bá san owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ fún láàárín oṣù 12 sẹ́yìn gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó kọ fọ́ọ̀mù físà mìíràn níbẹ̀. Wọ́n lè má fún un. Àwọn olùkọ́ tí TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń fowó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, rán lọ ti buwọ́ lùwé pé àwọn ń padà bọ̀. Ẹ bi àwọn tó ṣe onídùúró fún wọn bó ṣe ń rí.

CAS (nọ́ḿbà tí yunifásítì ń fúnni láti fi kọ fọ́ọ̀mù), ìka títẹ̀, fọ́tò, ìyẹn ò le. Àyẹ̀wò ikọ́ àwúgbẹ pọn dandan fún gbogbo yín, àwọn ọmọ pẹ̀lú, bí wọn kì í tilẹ̀ sábà ya àwòrán àyà ọmọ tí kò tó 11. Ìwé ẹ̀ kì í lò ju oṣù mẹ́fà. Ìwé ìbí àwọn ọmọ, ti NPC ni kí ẹ lò, kì í ṣe káàdì ọsibítù, kí sípẹ́lì orúkọ bàbá sì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Bí ẹ̀kọ́ yín bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹnjiníà, ẹ wò ó bóyá ó nílò ATAS, ìwé àṣẹ ààbò tí ìjọba wọn ń fúnni, kí ẹ sì kọ ọ́ kíákíá, torí ó lè gbà ju ọjọ́ iṣẹ́ 30 lọ.

Bàbá lè ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe ronú pé ìsinmi oṣù keje jẹ́ ìsinmi tiyín: àárín táàmù ni wọ́n ka PhD sí yíká ọdún, àfi ìsinmi tí yunifásítì bá fọwọ́ sí. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ yín, tó jẹ́ ọmọ ọdún 4, ní wákàtí 15 ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ ní náṣírì ní Ẹ́ńgílándì. Ẹ má gba owó ọmọ tí ìjọba ń pín, físà yín kò gbà á.

Owó-orí ilé ńkọ́? Bí bàbá bá dé, káńsù á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án torí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má san. Òfin yọ ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà sílẹ̀, bí físà rẹ̀ kò bá jẹ́ kó gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹni tó gbé fóònù lè sọ pé òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ so físà rẹ̀ àti lẹ́tà yunifásítì yín mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fèsì lórí ìwé.