Ẹnu ọ̀nà kan ni kí oníbàárà máa gbà wọlé

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa mẹ́rin la jọ wà nínú yàrá kan, à ń ya faire-part (ìwé ìpè) ìgbéyàwó, bâche (aṣọ ńlá tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ sí), pátákó ilé ìtajà àti àwòrán orí ẹ̀wù ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ń wọlé, àmọ́ yàrá ti dọjà. Fáìlì ń sọnù, oníbàárà ń dúró lé wa léjìká, àwọ̀ tó ń jáde nílé ìtẹ̀wé kì í jọ èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́, mo sì fẹ́ fi ra tábìlì tuntun àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
F., Kétu

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, F., ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ ṣì di owó yẹn mú ná. Tábìlì kọ́ ló ń dà yín láàmú.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ọ̀kan ló bí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: ẹni tó bá wu oníbàárà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé búlúù lòun fẹ́, ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lálẹ́ pé ó ti di pupa, nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti dúró sẹ́yìn ẹnì kẹta. Iṣẹ́ kan náà, fáìlì mẹ́ta. Àwọn baba yín ní Kétu ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Odi àti yàrà yí ìlú ká, Akaba Idena sì ni ẹnu ọ̀nà. Àlejò tó bá ń bọ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ̀yin náà, ẹ wá Idena tiyín.

Ẹnì kan péré nínú ẹ̀yin mẹ́rin ni kó máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, nọ́ńbà kan péré ni kí ẹ fún wọn. Ẹ gbé àga méjì àti tábìlì kékeré sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹ yí àwọn kọ̀ǹpútà padà kí ẹ̀yìn wọn kọjú sí ẹni tó ń wọlé. Oníbàárà tí kò rí ojú kọ̀ǹpútà kò ní lè sọ pé "ẹ sún un sọ́tùn-ún díẹ̀". Tó bá fẹ́ wò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4, kó fi bírò tọ́ka ohun tó fẹ́ kí ẹ tún ṣe, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ má ju bébà yẹn nù. Mo mọ̀ pé kò rọrùn níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń bá ara wọn tan. Bàbá àgbà kan á wọlé, ẹ ò ní lè sọ pé kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ fún un lómi, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí ìgbàṣẹ́ ni kó bá a sọ ti iṣẹ́.

Ojú ti èmi náà rí i kí n tó gbọ́n. Níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹbí kan gbé bâche òkú ìyá wọn fún wa, mítà mẹ́ta sí méjì. "Ọ̀wọ̀ ìkẹyìn fún ìyá wa" ni wọ́n ní ká kọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó kó o sórí clé USB, ó di ilé ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò ní irú lẹ́tà (font) tí a lò, ló bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àmì abẹ́ lọ, àmì òkè lọ. Ohun tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ilé olóògbé ni "Owo ikeyin fun iya wa". Owó ni gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kà. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín títí, àkọ́bí ìyá náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Owó wa la fi tún un tẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Èyí tó dùn mí jù ni pé fáìlì tó tọ́, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kò lè yí padà mọ́, wà nílẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà kejì. "bache_final" ni méjèèjì ń jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ "final" ti di èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí a ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ nìyí: 2025-03-14_egbe-gelede_bache_v3. Ọdún ló ṣíwájú, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn fúnra rẹ̀. A kì í fi àmì òkè tàbí ti abẹ́ sí orúkọ fáìlì, torí àwọn ẹ̀rọ kan á dà á rú. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àpò kéékèèké mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀: ohun tí oníbàárà kó wá, ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́, ohun tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹni ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń kó nǹkan sínú ìkẹta, lẹ́yìn tó bá ti rí bébà tí oníbàárà buwọ́ lù.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀, torí ó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gan-an. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ọ" náà ní. "Ẹ́" kò ní: "ẹ" ni, pẹ̀lú àmì tí wọ́n gbé lé e lórí. Irú lẹ́tà tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀ á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo hàn yín. Ti Bẹ̀nẹ̀ tún wá fi kún un: ẹni tó kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ àgbà ń kọ ɛ, ɔ àti sh, ẹni tó ń ka Bíbélì tó ti Nàìjíríà wá ń kọ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ má fi tiyín rọ́pò ti oníbàárà. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti bi í. Ẹ mú irú lẹ́tà márùn-ún tàbí mẹ́fà péré, kí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní wọn bákan náà. Charis SIL, Gentium àti Noto gbé gbogbo àmì wa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kí iṣẹ́ tó kúrò nílé, ẹ vectoriser ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ (ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán, kó má baà nílò irú lẹ́tà kankan mọ́), ẹ fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú èyí tó ṣeé tún kọ sọ́dọ̀.

Ti àwọ̀, ẹ̀tàn ojú pọ̀ níbẹ̀. Iná mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń dá àwọ̀, RVB: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Yíǹkì mẹ́rin ni ilé ìtẹ̀wé ń lò, CMJN: síánì, màjẹ́ńtà, iyèyè àti dúdú. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà, yíǹkì kò lè bá a dé ibẹ̀ láéláé. Nítorí náà, inú CMJN ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá parí. Ẹ jókòó kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tó bá wà lẹ́yìn, á máa tàn sójú kọ̀ǹpútà, tó bá wà níwájú, á máa fọ́ yín lójú. Kò tún yẹ kí ẹ máa yẹ bébà wò lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ iyèyè lálẹ́. Ẹ gbé e jáde lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ ra gílóòbù 5000 K kan, èyí tí iná rẹ̀ funfun bíi ti ọ̀sán. Bí ògiri yín bá jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti yàrá ìyàwó, ẹ kun ún ní funfun. Faire-part tí wọ́n máa gé, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ fi mìlímítà 3 kọjá etí.

Kí ẹ lè mọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe, ẹ gbé pátákó dúdú kọ́. Káàdì ni Toyota fi ń ṣe irú èyí ní Japan, ẹfun tó fún tiyín. Ìlà mẹ́rin: a ti gbà á, à ń ṣe é, oníbàárà ń wò ó, ó ti lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ní ju iṣẹ́ méjì lọ nínú ìlà kejì.

Iná á máa lọ, ẹ ra onduleur, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, kí ẹ tó ronú kan amúlétutù. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, lórí oríṣi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan máa sùn sí ilé ibòmíràn. Ẹnì kan nínú yín lè máa gbé dísìkì náà lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Tábìlì kan ni mo fọwọ́ sí, èyí tó ga dé ìbàdí, tí ẹ ó máa dúró gé bébà lórí rẹ̀. Ti amúlétutù, ẹ gbójú sókè: bó bá jẹ́ páànù lásán ló wà lókè yín, ẹ kan àjà sí i ná, fáànù á sì tó yín. Kí fáànù náà ṣáà má kọjú sí tábìlì bébà, kí ẹ sì máa fi aṣọ bo àwọn ẹ̀rọ lálẹ́ tí ọyẹ́ bá dé.