Rádà Faransé ká mi mọ́, mo sì ti padà sí Àjàṣẹ́: ṣé kí n takò ó ni?

Ìbéèrè

Maître, agbẹjọ́rò wa, mo kí yín o. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, apá Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé. Lóṣù kẹjọ tó kọjá, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Nantes. Mo yá ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé, àmọ́ èmi àti ọkọ ọmọ mi la jọ ń wà á. Ìgbà tí mo délé, àwọn tó yá mi lọ́kọ̀ yọ owó lórí káàdì mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé láti Rennes, ìlú tí wọ́n ti ń fi ìwé ìtanràn rádà ránṣẹ́ ní Faransé, tó ní rádà rí ọkọ̀ wa níbi tó ti ń sá kìlómítà 94 ní wákàtí kan, pé 89 ni wọ́n kà sí wa lọ́rùn, níbi tí kò yẹ kéèyàn ti kọjá 80. Wọ́n ní kí n san yúrò 68, tàbí 45 tí mo bá tètè san án. Maître, gbogbo ọkọ̀ ló ń sáré jù wá lọ lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí àmì kankan lójú ọ̀nà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ̀wé pé èmi kọ́ ni mo wà á, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, pé wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ní kí n sanwó kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Ọmọ yín ló sọ òótọ́. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, àmọ́ ìmọ̀ràn tó fún yín, ẹlòmíràn ni wọ́n dá a fún. Màá sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan káàdì, ẹ jẹ́ ká yẹ lẹ́tà náà wò ná, torí pé ẹni tó bá ti san owó ìtanràn, lójú òfin Faransé, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ ò lè san án tán kẹ́ ẹ tún wá máa takò ó.

Ọjọ́ ló ń ká mi lára jù. Ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ wà lára rẹ̀, àtọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbé Faransé, ọjọ́ 15 ló ní láti san owó kékeré, ọjọ́ 45 láti san odidi owó tàbí láti takò ó. Tẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà yín gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má ṣe ka tẹlòmíràn mọ́ tiyín. Yúrò 45 yẹn jẹ́ bíi 29,500 sẹ́fà, 68 jẹ́ bíi 44,600. Tí gbèdéke bá kọjá tẹ́ ẹ ò san án tẹ́ ẹ ò sì kọ̀wé, ó di 180, ìyẹn 118,000 sẹ́fà. Mo ti rí lẹ́tà tó jẹ́ pé ìgbà tó fi dé Àjàṣẹ́, ọjọ́ owó kékeré ti kọjá lọ pátápátá. Torí náà, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Ó yá, ẹ wo 94 àti 89. Àwọn Faransé mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ṣìnà díẹ̀. Rádà tó dúró sójú kan, tí eré tó kà kò bá tó 100, wọ́n á yọ kìlómítà 5 kúrò nínú rẹ̀. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á yọ 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Rádà tó wà nínú ọkọ̀ tó ń rìn, 10 ni wọ́n ń yọ. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní «vitesse retenue», òun nìkan ni wọ́n sì fi ń dá ẹjọ́. Àánú tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún, wọ́n ti ṣe é kí lẹ́tà tó kúrò ní Rennes. Kí èèyàn wá máa kọ̀wé pé «bóyá ẹ̀rọ yín fi 2 tàbí 3 kún un», ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbọ́ tán nìyẹn.

Ti àmì tẹ́ ẹ ò rí, ó dùn mí fún yín, torí pé àlejò ló sábà máa ń kó sí i. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2018, 80 ni òfin gbogbogbò lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú ní Faransé, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá ti ń pàdé láìsí ohun tó là wọ́n láàárín. Kó tó dìgbà náà, 90 ni. Àwọn agbègbè kan ti dá ọ̀nà wọn padà sí 90, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé àmì 90 sí. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ ò ti rí àmì kankan yẹn gan-an ni 80 wà. Ti àwọn tó ń sáré jù yín lọ, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà tiwọn ti dé ilé wọn náà. Níbí, tí ọlọ́pàá bá dá wa dúró lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó kí i dáadáa, a ó ní «ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ni mo fẹ́ lọ gbé nílé ìwé», ó lè gbọ́, ó sì lè má gbọ́. Rádà ò ní etí. Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá kọ láti fi bẹ̀ wọ́n, ẹni tó máa kà á ní Rennes yóò kàn wá ibi tẹ́ ẹ ti mú ẹ̀rí wá, tí kò bá rí i, ó parí.

Ó ku ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín. Kì í ṣe pé ó parọ́. Àwọn Faransé ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nítorí àmì orí ìwé ìwakọ̀ ni, ìyẹn «points», máàkì tí wọ́n ń gé téèyàn bá ṣẹ̀, kì í ṣe àmì ojú ọ̀nà. Àmì 12 ló wà lórí ìwé ìwakọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tiyín yìí, àmì kan ni wọ́n ń gé fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi, wọ́n lè gé mẹ́rin, mẹ́fà, ọjọ́ tí àmì bá sì tán, ìwé ìwakọ̀ lọ nìyẹn. Ẹni tí àmì rẹ̀ ti ń tán lọ lè wá sọ pé «èmi kọ́ ni mo wà á, ẹ fi ojú mi hàn nínú fọ́tò». Tí ojú ò bá hàn, adájọ́ ò lè sọ pé òun ni, wọn ò sì ní gé àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: owó náà ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òfin wọn sọ pé ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀, tàbí ẹni tó yá a, ni yóò san ìtanràn eré àsápajúdé, àfi tó bá fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n jí ọkọ̀ náà ni, tàbí pé nǹkan mìíràn tó ju agbára òun lọ ló ṣẹlẹ̀, tàbí tó mú ẹ̀rí wá pé òun kọ́ ló hu ìwà náà. Owó lẹni yẹn fi ń ra àmì rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Benin ló fún yín ní ìwé ìwakọ̀ yín. Ìwé ìwakọ̀ Faransé kọ́, àmì kan ò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ máa ja ìjà tí èrè rẹ̀ kò kàn yín, ẹ ó sì san owó náà síbẹ̀.

Kódà kí wọ́n tó ka ìwé yín, ẹ ó kọ́kọ́ fi yúrò 68 náà dógò. «Consignation» ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá jàre, wọ́n á dá a padà. Ẹni tó bá dárúkọ ẹlòmíràn tó wà á, tàbí tó fi hàn pé wọ́n jí ọkọ̀ náà, kò ní san ìdógò yìí. Tí wọ́n bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó wà nítòsí ibi tọ́ràn ti ṣẹlẹ̀ ni, adájọ́ sì lè dá a lórí ìwé láìrí yín sójú rárá. Tó bá dá yín lẹ́bi, owó náà ò ní kéré sí 68, ó lè gòkè dé 450, wọ́n á sì tún fi yúrò 31 owó ilé ẹjọ́ lé e. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ dúró níwájú adájọ́, ẹ ṣírò owó físà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Nítorí 44,600 sẹ́fà!

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ ọmọ yín ló wà nídìí ọkọ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Wákàtí àti ojú ọ̀nà wà nínú lẹ́tà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ rántí dáadáa. Ẹ lè béèrè fọ́tò náà lórí ìkànnì antai.gouv.fr, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fi àwòrán lẹ́tà náà àti ìwé ìdánimọ̀ yín ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá jẹ́ ìdí ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan lẹ rí, ẹ̀yìn ni rádà púpọ̀ ti ń yà á. Bẹ́ ẹ sì ti ń dúró de fọ́tò, ọjọ́ ò dúró o, gbèdéke ń sáré lọ. Tó bá dá yín lójú pé òun ni, ẹ máa kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, lẹ́tà tuntun á sì lọ bá a nílé. Òun ló máa pàdánù àmì kan. Àmì kan ṣoṣo yẹn á padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí kò bá tún dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àna yín ni: ẹ pè é kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ sì wo ìwé tẹ́ ẹ fi yá ọkọ̀ bóyá ẹ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín sọ fáwọn tó yá yín lọ́kọ̀ pé ẹ gbé e fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà á, ẹ má dárúkọ rẹ̀ láé. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn burú ju kìlómítà mẹ́sàn-án lọ.

Ẹjọ́ tí mo máa ń gbà níyànjú pé kéèyàn jà ni èyí tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ níbí gba lẹ́tà bíi tiyín. Rádà ká ọkọ̀ náà mọ́ ní aago mẹ́ta kọjá lọ́sàn-án. Ó ń ráhùn, ó ń búra, èmi ní kó lọ mú gbogbo ìwé tó bá kù nínú báàgì ìrìn àjò rẹ̀ wá. Ìwé kékeré kan ló ká sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, tí ọmọ iṣẹ́ ilé ayánilọ́kọ̀ kọ «9 h 40» sí, tó sì fọwọ́ sí i: àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ló ti dá ọkọ̀ padà. Ìwé ìká yẹn la fi ránṣẹ́. A ò kọ ju ìlà mẹ́rin lọ, wọ́n sì pa ẹjọ́ náà rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí fọ́tò fi hàn pé nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lára ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun mìíràn tẹ́ ẹ lè wò ni ọjọ́ tí wọ́n yẹ rádà náà wò kẹ́yìn, ó wà nínú lẹ́tà. Ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti lé ní ọdún kan lọ́jọ́ tó mú yín, ẹ má sanwó, ẹ wá rí mi.

Owó tí wọ́n yọ lórí káàdì yín kì í ṣe ìtanràn. Owó iṣẹ́ ayánilọ́kọ̀ ni, nítorí pé lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí Rennes. Ó máa ń wà nínú ìwé àdéhùn, ní lẹ́tà wínníwínní tẹ́nikẹ́ni kì í kà. Ó ń dun gbogbo èèyàn, ó dun èmi náà nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kàn dákẹ́, ta ló máa wá láti Rennes wá kan ilẹ̀kùn ní Ouando? Kò sẹ́ni tó máa wá. Àmọ́ ọmọ yín ń gbé ibẹ̀, ẹ ó tún lọ kí wọn, ẹ ó tún fẹ́ yá ọkọ̀. Èmi ò ní fi 180 yúrò sílẹ̀ lórúkọ mi nílẹ̀ tí mo tún fẹ́ padà dé.

Torí náà, tí ọjọ́ owó kékeré kò bá tíì kọjá, tó sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà á, tàbí tí kò dá yín lójú, ẹ san 45. Lórí amendes.gouv.fr ni, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára lẹ́tà náà. Káàdì Visa tàbí Mastercard ló ń gbà, MoMo ò wọ ibẹ̀. Ọmọ yín lè bá yín san án láti Nantes, wọn ò béèrè ẹni tó ni káàdì. Kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà, ẹ má tẹ ìlà kankan tí wọ́n bá fi SMS ránṣẹ́ sí yín pé ẹ jẹ gbèsè ìtanràn, àwọn gbájúẹ̀ ló kún ibẹ̀. Kí ọmọ yín tẹ ìwé ẹ̀rí sísan jáde, kó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ fi yá ọkọ̀ náà.