Ẹ Bi Wá: Ọmọ Tó Ń Pẹ́ Dé Ilé-ìwé, àti Èyí Tí Kò Fẹ́ Lọ Rárá

Lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé pọ̀ lọ́wọ́ wa lóṣù yìí. A ṣa mẹ́fà nínú wọn. Èyí tó gùn, a gé e kúrú. Àwọn tó jọra, a fi ìdáhùn kan dá gbogbo wọn lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi wà ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sọ́jọ́ tí a kì í fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé. Olùkọ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó nǹkan tí èèyàn ń pariwo lé lórí ni? (Ìyá ọmọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Ó tó o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 50 lọ́sẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ń wọlé fún ọ̀sẹ̀ 36 lọ́dún, ó di ìṣẹ́jú 1,800, ìyẹn wákàtí 30. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo wákàtí 6 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún gbáko ló lọ yẹn, bẹ́ẹ̀ rẹ́jísítà ò ní sọ pé ọmọ yín pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ.

Ibi tí àkókò náà ti ń já bọ́ ló wá burú jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni olùkọ́ máa ń rán àwọn ọmọ létí ohun tí wọ́n ṣe lánàá, á gba iṣẹ́ àṣetiléwá, á sì ṣe àpẹẹrẹ kan tàbí méjì sójú pátákó. Ní kíláàsì kejì, ó lè jẹ́ ìró lẹ́tà tuntun tàbí ọ̀nà tí a fi ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà. Ọmọ tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn á ba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló kù tó máa ṣe? Á yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Ohun tí onítọ̀hún kọ lòun náà á kọ, láìmọ ìdí tó fi kọ ọ́. Ìwé rẹ̀ á kún, olùkọ́ á máàkì í dáadáa, inú yín á dùn. Ọjọ́ ìdánwò ni àṣírí á tú.

Lọ́pọ̀ ilé, ọ̀lẹ kọ́ ló ń fa pípẹ́ dé. Ọjọ́ tí ọ̀nà dán ni a fi ń ṣírò ìrìn, a ó sì máa rò pé bí ọjọ́ gbogbo ṣe máa rí nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ aago tí ẹ jáde nílé àti aago tí ẹ dé géètì. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni kí ẹ mú, ẹ má ṣe mú àárín. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún un, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Bí agogo bá ń lù ní 8:00, tí ìrìn tó pẹ́ jù sì jẹ́ ìṣẹ́jú 25, 7:25 ni ẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Bàtà àti báàgì gba ìṣẹ́jú 10, ó di 7:15. Oúnjẹ gba 20, ó di 6:55. Ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ gba 25, ó di 6:30. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kì í tètè dá, ẹ jí i ní 6:20.

Ohun méjì ló kù tó ń jẹ àkókò yẹn mọ́ yín lọ́wọ́. Èkíní ni wíwá nǹkan: bàtà ẹsẹ̀ kan, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, fọ́ọ̀mù tí ilé-ìwé ní kí òbí fọwọ́ sí. Ohunkóhun tó bá ń fẹ́ wíwá, alẹ́ ni kí ẹ wá a. Kí báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ tó sùn, kí bàtà méjèèjì wà pọ̀, kí sọ́ọ̀kì wà nínú wọn. Èkejì ni "ṣe kíá, ṣe kíá" tí a máa ń sọ. Ọmọ ọdún méje ò mọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe gùn tó. Ẹ ṣètò áláàmù méjì tí ìró wọn yàtọ̀ síra, ọ̀kan fún jíjí, èkejì fún 7:15. Bí èkejì bá ti dún, ohunkóhun tí ọmọ bá ń ṣe, bàtà ló kàn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, kì í lè jí láàárọ̀. Mo ti kígbe títí, mo ti da omi sí i lójú rí. Ṣé ọ̀lẹ kọ́ nìyí? (Bàbá tó ti sú)

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀, bàbá. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń bàlágà, èròjà inú ara tó ń mú oorun wá máa ń pẹ́ kó tó jáde lálẹ́. Ojú rẹ̀ á dá ṣáká ní aago mẹ́wàá, á sì wúwo ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò 9 sí 12. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi dábàá lọ́dún 2014 pé kí ilé-ìwé girama má ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago 8:30 àárọ̀. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà sọ ọ́ di òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022 fún àwọn ilé-ìwé girama àgbà, àfi àwọn tó wà ní ìgbèríko.

Àmọ́ ilé-ìwé ọmọ yín ò ní dúró dè é. Bí ó bá gbọ́dọ̀ jí ní 6:20, ó yẹ kó ti sùn lọ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gànjọ́ ló ń sùn báyìí, ẹ má fà á wálẹ̀ sí mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa lajú sílẹ̀ sí. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 dín in kù, ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra. Kí fóònù sùn sí yàrá míràn. Láàárọ̀, ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wọlé bá a. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í kà sí ni òpin ọ̀sẹ̀: bí ó bá sùn títí di ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ìṣòro ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń gbìn. Kó má fi ju wákàtí kan lọ sí aago tó ń jí láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń sùn tó tí ó ṣì ń tòògbé ní kíláàsì, tàbí tí ó ń hanrun kíkankíkan, ẹ mú un lọ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá àìsàn ọmọ tó ohun tí kò fi ní lọ sílé-ìwé? (Òbí kan)

ÌDÁHÙN: Ẹ wọn ara rẹ̀. Bí ó bá tó 38°C, ilé ni kó wà, títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀ fún wákàtí 24 láìlo oògùn tó ń mú ìgbóná lọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fún ọmọ ní oògùn láàárọ̀ kùtù kí ara lè tutù dé géètì. Agbára oògùn náà ò ní pẹ́ tán, ilé-ìwé á sì pè yín kí ẹ wá gbé e, lẹ́yìn tó ti jókòó láàárín àwọn ọmọ yòókù. Fún èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kó pé wákàtí 48 sí ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn, ìlànà tó dáa sì ni. Ọ̀fìnkìn lásán tàbí ikọ́ díẹ̀ láìsí ibà, kó máa lọ. Iná orí kì í ṣe ohun tí ọmọ ń torí rẹ̀ jókòó sílé. Ẹ tọ́jú orí náà lálẹ́.

Bí kò bá ní lọ, ẹ pe ilé-ìwé kí wọ́n tó pe rẹ́jísítà. Ìwà ọmọlúàbí nìkan kọ́ o: ọmọ tí àìsàn dá dúró àti ọmọ tó jáde nílé tí kò dé ilé-ìwé, bákan náà ni àga wọn ṣe máa ṣófo, ó sì yẹ kí ẹnì kan tètè mọ ìyàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí ó bá ti di alẹ́ Sọ́ńdè, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9. Láàárọ̀ Mọ́ńdè á máa sunkún. Dókítà ní kò sí nǹkan kan. Bí a bá ní kó dúró sílé, kó tó di aago mẹ́wàá ara rẹ̀ á ti yá. Ṣé irọ́ ló ń pa? (Ìyá rẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó máà parọ́ rárá. Ẹ̀rù máa ń mú inú run ènìyàn gan-an. Ó dáa bí ẹ ṣe kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ohun tó kù ni láti mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìyẹn sì gba sùúrù ju gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ lọ.

Ẹ mú ìwé kan. Ní gbogbo ìgbà tí inú bá run ún, ẹ kọ ọjọ́, aago, àti àwọn ẹ̀kọ́ tó ní nílé-ìwé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó máa rí ohun tí àwọn ọjọ́ náà fi jọra. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì. Ó lè jẹ́ ọjọ́ eré ìdárayá, nítorí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ìdí tó wọ́pọ̀ ni ọmọ tó ń fòòró rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé tì, ojú tí kò rí pátákó dáadáa, ìwé kíkà tó ń ni í lára. Nígbà míràn, ilé ni ọkàn rẹ̀ wà: ẹnì kan ń ṣàìsàn, tàbí ìyá àti bàbá ń jà, ọmọ náà sì ń bẹ̀rù ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òun ò bá sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá bi í pé "Kí ló ń ṣe ẹ́?", á ní kò sí. Ẹ ní kó sọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ nílé-ìwé fún yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ta ló máa ń kọ́kọ́ rí bó bá wọlé? Ta ló ń jókòó tì í? Níbo ló máa ń wà lásìkò ìsinmi? Ta ló ń bá a ṣeré? Ẹ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ti fò lójijì, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí lọ́jọ́ kejì.

Ní báyìí ná, ẹ má jẹ́ kó máa dúró sílé, àfi bí wọ́n bá ń lù ú tàbí ń halẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Ìyẹn, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Ìtura tó ń rí láago mẹ́wàá ń kọ́ ara rẹ̀ pé ilé ni oògùn, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ á sì tún wúwo sí i. Bí ó bá wá di dandan kó dúró sílé lọ́jọ́ kan ṣá, kí ó jẹ́ ọjọ́ àìsàn lóòótọ́: orí bẹ́ẹ̀dì, ìwé, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí fóònù títí ilé-ìwé á fi jáde. Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo máa pàdé rẹ̀ ní géètì lójoojúmọ́, kó sì fún un níṣẹ́ kékeré kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bíi pípín ìwé. Kí ìdágbére yín kúrú: ẹ gbá a mọ́ra, ẹ sọ aago tí ẹ máa padà wá, ẹ yí padà. Òbí tó bá ń dúró yọjú lójú fèrèsé ń sọ fún ọmọ pé ẹ̀rù tó ń bà á tọ̀nà.

Fún ọmọ tó ti pẹ́ nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì lójúmọ́, níbi ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn, kó tó di ìdajì ọjọ́, kó tó di odidi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ wá onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Ilé-ìwé wa máa ń ti géètì bí agogo bá ti lù. Ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta fún wákàtí kan. Síbẹ̀ àwọn tó ń pẹ́ ò dín kù. Kí la lè ṣe? (Olùkọ́ kíláàsì)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣí géètì. Ọmọ tó pàdánù ìṣẹ́jú 10, ẹ̀yin ti sọ ọ́ di 60. Èyí tó bá sì rí i lọ́ọ̀ọ́kán pé wọ́n ti ń ti géètì, ó lè yí padà láti ọ̀nà. Ẹni tó kàn pẹ́ ti di ẹni tí kò wá nìyẹn.

Ẹ kọ aago tí ọmọ dé sílẹ̀, kó wọlé ní jẹ́ẹ́jẹ́, kó lọ jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ka àkọsílẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà ló ń pẹ́, ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn. Bí ó bá ní àbúrò ní ilé-ìwé míràn, ó lè jẹ́ pé òun ló ń sìn wọ́n lọ.

Kí ẹ sì máa ka ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ka kíláàsì. Ní kíláàsì ọmọ 30, fún ọjọ́ 20, a retí 600 wíwá. Bí ó bá jẹ́ 564 ni a rí, ìdá 94 nínú 100 nìyẹn, ọ̀gá ilé-ìwé á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọmọ mẹ́rin péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa ọjọ́ 8 jẹ, ló ni 32 nínú 36 tó dín yẹn. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kà sí ẹni tí àìwá rẹ̀ ti di ìṣòro, ìbáà jẹ́ àìsàn ló fà á. Nínú ọjọ́ 180, ọjọ́ 18 ni, bí ọjọ́ méjì lóṣù. Ta ló máa ń ṣàkíyèsí ọjọ́ méjì lóṣù?

Ẹ̀bùn fún ẹni tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ ò wù wá. Ó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá sí kíláàsì, ẹni tó bá sì pa ọjọ́ kan jẹ lọ́sẹ̀ kìíní sáà ti mọ̀ pé òun ò lè gbà á mọ́. Ọmọ tó pẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóṣù tó kọjá, tí ó di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù yìí, òun ni kí ẹ pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ yìn.

ÌBÉÈRÈ: Àìsàn dá mi dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nótì tí mo gbọ́dọ̀ dà kọ pọ̀ débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. (Akẹ́kọ̀ọ́ girama)

ÌDÁHÙN: Nótì ni kó o fi ṣe ìkẹyìn. Ọwọ́ lè kọ ojú ìwé ogún kí orí má mọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Bi olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: "Ohun tuntun wo lẹ kọ́ wọn tí ti ọ̀sẹ̀ yìí dúró lé?" Ó lè má ju ohun méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú iṣẹ́ kan. Ìṣirò ni kó o kọ́kọ́ mú, nítorí ẹni tí kò bá wọn ṣe ìdá kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá dé ìpín nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta pẹ̀lú ìdáhùn lójú, kó o dé ìwé náà, kó o ṣe mẹ́ta míràn fúnra rẹ. Bí méjì bá kùnà, lọ bá olùkọ́, kó o mú ibi tó o ti ṣì dání kó lè rí i. Ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́ tó. Má kó gbogbo rẹ̀ jọ di Sátidé. Ẹ̀kọ́ tòní ni kó o kọ́kọ́ parí kó o tó padà sí ti àná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbèsè tuntun lò ń jẹ. Fún nótì tó bá kù, yá ìwé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé kà, kọ àkọlé, ìtumọ̀ àti àwòrán, kó o fi ìyókù sílẹ̀.