Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ìmìtìtì ilẹ̀ mọ ibi tí magma ń gbà lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín?

Magma ni àpáta tó ti yọ́ nínú ilẹ̀. Bó bá ń wá ọ̀nà, ńṣe ló ń la àpáta líle tó wà níwájú rẹ̀. Ibi tó bá ti ya ni ìmìtìtì kéékèèké ti ń wá, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ẹ̀rọ nìkan ń gbọ́.

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Iléṣà níbí á mọ̀ ọ́n: wọ́n á yin dáínámáìtì, ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n, gíláàsì fèrèsé á mì, kí ariwo tó dé. Bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó ni àlàfo àárín méjèèjì ń gùn tó. Ìmìtìtì ilẹ̀ náà ń rán ìgbì méjì, ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Tí ẹ̀rọ bíi mélòó kan bá wọn àlàfo yẹn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á mọ ibi tó ti ṣẹ̀ àti bó ṣe jìn sílẹ̀ tó. Bí àwọn ibi tí ìmìtìtì ti ń ṣẹ̀ bá ń sún lọ sápá kan, tàbí tí wọ́n ń gòkè bọ̀, magma ló sábà máa ń jẹ́.

Láti abẹ́ Bárðarbunga, òkè ayọnáyèéfín kan ní Iceland, lọ́dún 2014, wọ́n tọ ipa magma fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lé ní 40 kìlómítà, kí iná tó yọ ní Holuhraun. Nígbà míì ṣá, magma kì í jáde, abẹ́lẹ̀ ló ń dì sí.

Dáínámáìtì tí wọ́n ń yìn ní Iléṣà yẹn ò lè jí òkè ayọnáyèéfín kankan o. Iléṣà ò ní òkè ayọnáyèéfín. Ti Kamẹrúùnù ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn tó ṣì ń yọná.